Sísítẹ́ẹ̀mù mi ń gbóná, ó sì ń kú lójijì bí mo bá ń rẹ́ńdà fídíò

Olóòtú_Ìbàdàn

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Fídíò ìgbéyàwó àti ìsìnkú àgbà ni mo ń ṣe jẹun. Sísítẹ́ẹ̀mù orí tábìlì ni mo ń lò, kì í ṣe láptọ́ọ̀pù. Pírósẹ́sọ̀ rẹ̀ (ọpọlọ rẹ̀) jẹ́ Intel i7-4770, ráàmù rẹ̀ 16GB, fáànù Intel tó bá pírósẹ́sọ̀ náà wá ló ṣì wà lórí rẹ̀. Bí mo bá ń tẹ̀wé tàbí tí mo kàn ń wo fídíò, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti ní kó rẹ́ńdà báyìí, ìyẹn kó sọ iṣẹ́ tí mo ti tò di fídíò tó parí, fáànù á bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, iṣẹ́ á máa falẹ̀, tó bá sì ṣe díẹ̀, gbogbo rẹ̀ á kú lẹ́ẹ̀kan náà, iná NEPA sì wà. Mo fi HWMonitor, sọ́fíwia tó ń fi ooru hàn, wò ó, ooru pírósẹ́sọ̀ ń dé 99°C, 100°C. Ẹnì kan ní kí n ra power pack (àpótí tó ń pín iná fún sísítẹ́ẹ̀mù) tuntun, ẹlòmíràn ní bọ́ọ̀dù (motherboard) ló ti bàjẹ́. Àwọn tó gbé iṣẹ́ fún mi ń pè mí láràárọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Baba_Ẹ̀rọ

Àbúrò mi, ẹ rọra. Ẹ má tíì ná kọ́bọ̀. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti pààrọ̀ bọ́ọ̀dù, tí wọ́n pààrọ̀ power pack, tí ooru náà ṣì wà níbẹ̀ gbagidi, torí kò sẹ́ni tó béèrè ibi tó há sí.

Ọ̀nà tí ooru ń gbà jáde kò pọ̀. Á kúrò lára pírósẹ́sọ̀ bọ́ sára heatsink, irin onípele-pele tó jókòó lé e lórí. Á kúrò lára irin yẹn bọ́ sínú afẹ́fẹ́ tí fáànù ń fẹ́. Afẹ́fẹ́ gbígbóná yẹn á wá jáde kúrò nínú àpótí sísítẹ́ẹ̀mù. Ọ̀kan nínú ibi mẹ́ta yìí ló dí. Iṣẹ́ yín ni láti mọ èwo.

Ẹ ṣe báyìí. Ẹ jẹ́ kó rẹ́ńdà títí ooru á fi kọjá 90°C, kó tó kú. Ẹ pa á, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì kúrò nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ ṣí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kíá, kí ẹ fi ẹ̀yìn ìka kan ẹ̀gbẹ́ heatsink díẹ̀. Bí irin náà bá gbóná débi pé ẹ ò lè fọwọ́ sí i pẹ́, ooru ń dé ibẹ̀, afẹ́fẹ́ ni kò rí i kó lọ. Ẹ máa wá eruku, fáànù tí kò yí dáadáa, tàbí àpótí tó sé mọ́lé. Ṣùgbọ́n bí HWMonitor bá sọ 97°C tí irin náà kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ lásán, ooru kò tíì kúrò lára pírósẹ́sọ̀ rárá nìyẹn. Heatsink kò jókòó dáadáa, tàbí kẹ̀ thermal paste, ohun bí ìpara tó ń gbé ooru kọjá láàárín wọn, ti gbẹ.

Ẹ tún wo bí nọ́ńbà ṣe ń gòkè. Bó bá jẹ́ pé bí ẹ ṣe tẹ rẹ́ńdà ló fò láti 45 sí 95 kí ẹ tó ṣẹ́jú, ìjókòó heatsink ni. Bó bá ń gòkè díẹ̀díẹ̀ fún ìṣẹ́jú bíi mẹ́wàá kó tó débẹ̀, afẹ́fẹ́ ni.

Nípa ìfalẹ̀ àti kíkú: 100°C ni ààlà tí Intel fún i7-4770. Bó bá ti kàn án, á dín eré ara rẹ̀ kù kí ooru lè wálẹ̀, ìyẹn ni iṣẹ́ yín ṣe ń falẹ̀. Bí ìyẹn ò bá tó, tí ooru ṣì ń gòkè, á gé iná ara rẹ̀ kó má baà jóná. Nítorí náà ẹ má fi ipá tàn án léraléra lẹ́yìn tó bá kú. Ẹ jẹ́ kó sinmi.

Ìyá_Onítẹ̀wé

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ọmọ mi. Òṣogbo ni ṣọ́ọ̀bù tèmi wà, etí títì gan-an, ọyẹ́ sì ń da eruku sí wa lára ní gbogbo oṣù December sí February. Ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni pé eruku tí ẹ ń rí lójú fáànù kọ́ ló ń fa wàhálà. Èyí tó ń fà á wà lábẹ́ fáànù, láàárín fáànù àti irin, níbi tó ti dì pọ̀ tó sì bo gbogbo àlàfo irin náà. Ẹ lè nu abẹ fáànù títí kó máa dán, kí afẹ́fẹ́ má sì rí ibi kọjá. Ẹ gbọ́dọ̀ yọ fáànù kúrò lórí irin kí ẹ tó rí i.

Ìta gbangba ni kí ẹ ti fọn ọ́n, kì í ṣe inú yàrá, torí eruku yẹn á tún padà wọlé. Búrọ́ọ̀ṣì ìkunlé tuntun tó rọ̀ ni kí ẹ fi gbọ̀n ọ́n kí ẹ tó fi búlóà fọn ọ́n. Bí ẹ bá ń fọn, ẹ fi ọwọ́ kan di abẹ fáànù mú kó má yí. Afẹ́fẹ́ búlóà lè mú un sáré ju agbára rẹ̀ lọ, bèárìn rẹ̀ á bàjẹ́, ariwo tí kò ní tán sì nìyẹn.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má gbé e lọ sọ́dọ̀ fọ́gánáísà tó ń fẹ́ táyà. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ń ṣe é torí kò wọ́n. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ wọn máa ń ní omi àti ọ́ìlì nínú, agbára rẹ̀ sì le ju ohun tí bọ́ọ̀dù lè gbà lọ. Omi á wọ ibi tí ẹ ò rí, ó di ìgbà tí ẹ bá tan iná kí ẹ tó mọ̀.

Ọmọ_Ifẹ̀

Èmi ò tilẹ̀ fi ìdérí sí ara tèmi mọ́. Mo ṣí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, mo gbé fáànù onídùúró kọjú sí i. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

Baba_Ẹ̀rọ

Ọmọ_Ifẹ̀, fún àyẹ̀wò, ohun tó dáa lẹ ṣe yẹn, kí olóòtú wa náà gbìyànjú ẹ̀. Bí ẹ bá ṣí i tí ẹ sì fẹ́ fáànù sí i, tí ooru wálẹ̀ tó dígírì 15, àpótí ni kò mí dáadáa. Bí kò bá wálẹ̀ ju méjì lọ, ẹ̀sùn kò sí lọ́rùn àpótí, ẹ padà sórí heatsink.

Ṣùgbọ́n kí èèyàn máa lò ó bẹ́ẹ̀ títí ni mi ò fara mọ́. Ọmọńlé ń wá ibi tó lọ́wọ́ọ́rọ́ lóru, aáyán náà bẹ́ẹ̀. Mo ti tún sísítẹ́ẹ̀mù kan ṣe tí ọmọńlé há sáàárín fáànù rẹ̀, fáànù dúró, ẹni tó ni ín sì ń rò pé Windows ló ní kòkòrò. Ohun tó dáa jù ni kí fáànù kan máa fa afẹ́fẹ́ wọlé níwájú, kí òmíràn máa lé e jáde lẹ́yìn, kí ẹ̀yìn àpótí sì jìnnà sí ògiri tó ìbú ọwọ́ kan.

Káfíńtà_Onímọ̀

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ kan nípa iṣẹ́ tiwa. Tábìlì kọ̀ǹpútà tí à ń ṣe, tó ní ihò tí wọ́n ń ti àpótí sísítẹ́ẹ̀mù bọ̀ nísàlẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn la máa ń fi pílíáwúùdù dí ẹ̀yìn wọn pa kó lè rẹwà. Afẹ́fẹ́ gbígbóná tó jáde lẹ́yìn kò ríbi lọ, iwájú ló ń padà gbà wọlé. Ẹni tó bá ní irú ẹ̀, kó ní kí káfíńtà rẹ̀ gé pílíáwúùdù ẹ̀yìn yẹn kúrò pátápátá. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni.

Olóòtú_Ìbàdàn

Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti ṣe é bí Baba ṣe sọ. Bí mo ṣe tẹ rẹ́ńdà, ó fò láti 48 sí 97 lójú ẹsẹ̀. Mo pa á, mo fọwọ́ kan irin, kò gbóná rárá, ó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́. Fáànù onídùúró náà kò yí nǹkan kan padà. Eruku wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò pọ̀ bíi ti Ìyá.

Baba_Ẹ̀rọ

A ti mú un. Ìjókòó heatsink tàbí paste ni, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ méjèèjì.

Heatsink Intel yẹn, ẹsẹ̀ ike mẹ́rin ló fi dúró, wọ́n gba inú ihò mẹ́rin lára bọ́ọ̀dù. Ẹsẹ̀ wọ̀nyí ni mo kórìíra jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, torí bí ọ̀kan bá yọ, mẹ́ta tó kù á ṣì di heatsink mú, ẹni tó bá wò ó lókè á rò pé ó jókòó. Igun kan á gbé díẹ̀, àlàfo tí ojú kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí, ooru kò sì ní lè kọjá níbẹ̀ mọ́. Bí wọ́n bá fi okadà tàbí mọ́tò gbé sísítẹ́ẹ̀mù kọjá ọ̀nà wa yìí, ìgbọ̀nrìrì nìkan tó láti yọ ọ̀kan.

Ẹ yọ bọ́ọ̀dù kúrò nínú àpótí bí ẹ bá lè ṣe é, torí ẹ̀yìn rẹ̀ ni ẹ ti máa rí òótọ́. Ẹ fọwọ́ kan irin àpótí lákọ̀ọ́kọ́ kí iná (static) tó kó jọ sára yín lè jáde. Ẹ yọ wáyà fáànù. Orí ẹsẹ̀ ike kọ̀ọ̀kan ní àmì ọfà. Ẹ yí i sí ibi tí ọfà kọjú sí, kí ẹ fà á sókè, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ yí heatsink sọ́tùn-ún sósì díẹ̀ kí ẹ tó gbé e, ẹ má jà á gbà.

Paste àtijọ́, ẹ fi òwú àti isopropyl alcohol nù ún kúrò lójú pírósẹ́sọ̀ àti lábẹ́ irin títí méjèèjì á fi máa dán. Bí ẹ ò bá rí isopropyl, sípíríìtì aláìláwọ̀ láti ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísì lè ṣe é, ẹ kàn jẹ́ kó gbẹ dáadáa. Ẹ má lo bẹntiróò, ẹ má lo kẹrosíìnì. Ẹ má fi ọ̀bẹ họ ọ́.

Paste tuntun: ẹ̀kán kan láàárín gbùngbùn, kó tóbi tó hóró ẹ̀wà olóyin kékeré. Ẹ má fi ìka tẹ́ ẹ, ìwọ̀n irin fúnra rẹ̀ ló máa tẹ́ ẹ.

Kí ẹ tó gbé irin padà, ẹ yí orí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà sí ibi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀, òdìkejì ọfà. Ọ̀pọ̀ ń gbàgbé ibí yìí, ẹsẹ̀ kì í sì í há láé. Ẹ tẹ ọ̀kan, kí ẹ tẹ èyí tó wà ní igun tó dojú kọ ọ́, kí ẹ tó tẹ méjì tó kù. Ẹ ó gbọ́ kó dún. Ẹ wá dojú bọ́ọ̀dù délẹ̀: lẹ́yìn ihò kọ̀ọ̀kan, ẹ gbọ́dọ̀ rí ike funfun tó là sí méjì, kí ike dúdú sì yọ jáde láàárín rẹ̀. Èyí tí ẹ ò bá ti rí dúdú yẹn kò tíì há. Ẹ fà á díẹ̀ wò. Lẹ́yìn náà, ẹ dá wáyà fáànù padà síbi tí wọ́n kọ CPU_FAN (fáànù pírósẹ́sọ̀) sí, kì í ṣe SYS_FAN (fáànù àpótí).

Ọmọ_Ifẹ̀

Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní ọṣẹ ìfọyín lè rọ́pò paste bí kò bá sówó?

Ọ̀rẹ́_Linux

Rárá o. Omi ló wà nínú ọṣẹ ìfọyín, ooru á mú omi yẹn gbẹ, ohun tó kù á di ẹ̀fun láàárín irin méjèèjì, ẹ ó sì padà síbi tí ẹ ti wá. Vaseline náà á yọ́, á sì ṣàn kúrò. Paste kékeré tó dáa bíi Arctic MX-4 á tó ọ̀pọ̀ sísítẹ́ẹ̀mù. Kí ẹ̀yin méjì tàbí mẹ́ta dáwó rà á.

Fún ẹni tó bá ń lo Ubuntu (Linux) bíi tèmi, ẹ fi sọ́fíwia lm-sensors sí i, ẹ tẹ «sensors» nínú tẹ́mínà, gbogbo ooru àti eré fáànù á jáde.

Ẹ tún wo ohun tó ń lo pírósẹ́sọ̀. Bí ẹ ò bá ṣe iṣẹ́ kankan tí Task Manager, ibi tí Windows ti ń fi ohun tó ń ṣiṣẹ́ hàn, sì ń sọ 80%, 90%, nǹkan kan ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn yín. Nígbà mìíràn Windows Update ni, á tán fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn sọ́fíwia tí wọ́n ti já ìdè rẹ̀ tí wọ́n ń pín fún wa lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn kan nínú wọn ń gbé ẹ̀rọ ìwakùsà owó orí íntánẹ́ẹ̀tì wọlé, á máa fi pírósẹ́sọ̀ yín àti owó iná yín ṣe owó fún ẹlòmíràn. Àwọn kan tilẹ̀ máa ń farapamọ́ bí ẹ bá ti ṣí Task Manager, ooru á wálẹ̀ lójijì. Bí ẹ bá rí irú èyí, ẹ gbé antivirus dìde.

Alágbàṣe_Ìkẹjà

Computer Village ni mo wà. Bí ẹsẹ̀ ike bá ti kán, ẹ má fi okùn tàbí gúlúù dè é. Ẹ wá heatsink Intel tòkunbọ̀. Ihò heatsink tó yí sọ́kẹ́ẹ̀tì 1150 yín (ibi tí pírósẹ́sọ̀ jókòó sí lórí bọ́ọ̀dù) ká bá ti 1155, 1156, 1151 àti 1200 mu, nítorí náà èyí tí wọ́n bá yọ lára èyíkéyìí nínú wọn á wọlé. Ti 775 àtijọ́ kò bá a mu, ti 1700 náà kò bá a mu. Ẹ dojú ẹ̀ délẹ̀ kí ẹ tó sanwó: èyí tó ní bàbà pupa láàárín ni kí ẹ mú, ó ń kó ooru lọ ju èyí tó jẹ́ alumíníọ́mù látòkè délẹ̀. Bí owó bá wà, ẹ ra èyí tó ń fi síkúrúù dè mọ́ irin lẹ́yìn bọ́ọ̀dù, kò ní yọ mọ́.

Bó bá jẹ́ tuntun lẹ rà, ẹ wo abẹ́ rẹ̀ dáadáa. Àwọn kan ní ọ̀rá tín-ín-rín lábẹ́, ẹ ya á kúrò kí ẹ tó gbé e sórí pírósẹ́sọ̀.

Olóòtú_Ìbàdàn

Ẹ̀yin ará, ẹ ṣé o! Ẹsẹ̀ kan ti yọ lóòótọ́, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ráàmù. Lójú òkè ó dà bíi pé ó há, ṣùgbọ́n lẹ́yìn bọ́ọ̀dù, ike dúdú kò yọ. Paste náà ti gbẹ, ó ń rún bí mo ṣe ń nù ún. Mo ti ṣe gbogbo rẹ̀ tán. Ooru yàrá mi jẹ́ 31°C, bí sísítẹ́ẹ̀mù bá jókòó lásán ó wà ní 41, bó bá ń rẹ́ńdà ó dúró ní 82, kò kọjá ibẹ̀, kò sì kú mọ́. Àmọ́ 82 yẹn ṣì ń bà mí lẹ́rù. Kò ha pọ̀ jù?

Baba_Ẹ̀rọ

Kú oríire! 82 kò burú fún i7-4770 tó ń rẹ́ńdà pẹ̀lú fáànù Intel kékeré yẹn. Fáànù kò lè mú un tutù ju afẹ́fẹ́ inú yàrá lọ. Bí yàrá bá fi dígírì 6 tutù sí i, pírósẹ́sọ̀ náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ fi 6 wálẹ̀. Ìran i7-4770 yìí, tó jáde ní 2013, paste ni Intel fi sábẹ́ ìdérí pírósẹ́sọ̀ gan-an, nígbà tó jẹ́ pé irin yíyọ́ (solder) ni wọ́n fi jó ti i7-2600 tó ṣáájú. Ìdí nìyẹn tí tiyín fi máa ń gbóná jù ú lọ, kò sì sóhun tí paste òde lè ṣe sí ti inú.

Bí ẹ bá fẹ́ kó wálẹ̀ sí i láìná owó, ẹ wọ Power Options nínú Windows, ẹ wá Processor power management, kí ẹ sọ Maximum processor state di 99%. Kò ní máa sáré gun 3.9GHz mọ́, á dúró sórí 3.4. Rẹ́ńdà á pẹ́ díẹ̀ sí i, ooru á sì wálẹ̀ dáadáa. Ẹ tún wò ó bóyá sọ́fíwia fídíò yín lè lo Quick Sync, apá tí Intel ṣe fún iṣẹ́ fídíò, tó wà nínú pírósẹ́sọ̀ yẹn. Iṣẹ́ á yá, ẹrù á sì fúyẹ́ lórí pírósẹ́sọ̀.

Ọ̀rẹ́_Linux

Bó bá tún kú lọ́jọ́ kan, ẹ má gbára lé Event Viewer, àkọsílẹ̀ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú Windows. «Kernel-Power 41» tó máa ń kọ kàn ń sọ pé sísítẹ́ẹ̀mù kú láìjẹ́ pé ẹ pa á ni, kò sọ ohun tó pa á. Ẹ jẹ́ kí HWiNFO (sọ́fíwia bíi HWMonitor) máa kọ ooru sílẹ̀ sínú fáìlì bí ẹ ṣe ń ṣiṣẹ́. Ìlà tó kẹ́yìn nínú fáìlì yẹn ni kí ẹ kà. Bó bá jẹ́ 60°C ló wà nígbà tó kú, ẹ fi pírósẹ́sọ̀ sílẹ̀, ẹ wá dojú kọ power pack tàbí iná jẹnẹrétọ̀ yín.

Àbíkẹ́_Géèmù

Ẹ jọ̀ọ́, èmi ńkọ́? Tuntun ni tèmi, Ryzen 5 7600X. Bí ẹrù bá wúwo lórí rẹ̀, á gun 95°C, á sì dúró síbẹ̀. Mo ti tún heatsink gbé, kò yí padà.

Alágbàṣe_Ìkẹjà

Ẹ fọkàn balẹ̀, àǹtí. Ìran Ryzen 7000 tó jáde ní 2022, bẹ́ẹ̀ ni AMD ṣe é: á máa sáré títí á fi kan 95, á wá dúró síbẹ̀. Kò sọ pé heatsink yín ò dáa. Bí ẹ kò bá fẹ́ ooru yẹn nínú yàrá, ẹ wọ BIOS (ètò orí bọ́ọ̀dù), ẹ tan Eco Mode tó ń dín iná tí pírósẹ́sọ̀ ń jẹ kù, kí ẹ yan 65W. Eré tó máa dín kù nínú géèmù kò tó nǹkan.

Ẹni tó ń lo Ryzen AM4 (sọ́kẹ́ẹ̀tì AMD àtijọ́), tí abẹ́ pírósẹ́sọ̀ rẹ̀ ní abẹ́rẹ́, kó ṣọ́ra gan-an bó bá ń yọ heatsink. Ẹ kọ́kọ́ tan sísítẹ́ẹ̀mù kí paste rọ̀, ẹ pa á, ẹ yí irin sọ́tùn-ún sósì títí á fi tú. Ẹni tó bá fà á sókè gan-an, pírósẹ́sọ̀ lè tẹ̀ lé e jáde, abẹ́rẹ́ rẹ̀ á tẹ̀.

Ìyá_Onítẹ̀wé

Èmi náà ní ìbéèrè, Baba. HP Compaq tòkunbọ̀ kan nínú ṣọ́ọ̀bù, bí mo bá tàn án, iná pupa á ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì, á dún lẹ́ẹ̀mejì, á sinmi, á tún bẹ̀rẹ̀. Kì í gbé nǹkan kan wá sójú sikirínì.

Baba_Ẹ̀rọ

Ìyá, ẹ kú iṣẹ́ mà. Iná pupa tó ń ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì lára àwọn HP yẹn, ààbò ooru pírósẹ́sọ̀ ló ń pariwo. Bóyá fáànù kò yí, bóyá nǹkan dí i, bóyá heatsink kò jókòó. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, ẹ ṣí i, ẹ fi ìka yí abẹ fáànù. Bó bá há, ẹ wo ìdí rẹ̀ dáadáa, wáyà inú àpótí lè ti wọ àárín abẹ. Bó bá yí geere, ẹ yọ wáyà fáànù kúrò lórí bọ́ọ̀dù, ẹ tún un kì bọ̀ ọ́, kí ẹ sì fún síkúrúù mẹ́rin heatsink le ní igun sí igun. Bó bá ṣì ń ṣẹ́jú lẹ́yìn ìyẹn, fáànù fúnra rẹ̀ ni kí ẹ pààrọ̀, ẹ mú ti àtijọ́ dání lọ sọ́jà kí wọ́n lè fi ẹnu wáyà rẹ̀ wé tuntun.